Ajá tí mo ní kó ṣọ́ àgùntàn ló pa ọmọ àgùntàn, ṣé kí n lé e ni?

Alágbo_Kékeré

Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti àárọ̀ àná, mi ò rí oorun sùn dáadáa, mo ní kí n gbé e wá síbí torí mo mọ̀ pé àwọn tó ti sin ajá láàárín àgùntàn wà níbí.

Àgùntàn mi á tó 60. Lọ́dún tó kọjá nígbà tí wọ́n ń bímọ, ajáko gbé ọmọ 9 lọ mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ 5. Mo tún fẹ́ńsì ṣe, mo tan iná sí ọgbà lálẹ́, mo gbé rédíò síbẹ̀ kó máa sọ̀rọ̀ mọ́jú, ọjọ́ mélòó kan péré ni ìyẹn fi ṣiṣẹ́, ló bá mọ́ wọn lára. Ìgbà yẹn lẹnì kan sọ fún mi pé kí n lọ wá ajá Anatolian, àwọn tó wá láti Tọ́kì, pé wọn kì í ṣe irú ajá tó ń da ẹran o, pé àárín ẹran gan-an ni wọ́n ń gbé tọ̀sán tòru. Mo ra abo kan, ọmọ ọ̀sẹ̀ 9. Òjò ń rọ̀ gan-an nígbà náà, àánú ẹ̀ ṣe mí, mo ní kó ṣì wà nínú ilé lọ́dọ̀ àwọn ọmọ mi ná, ìgbà tó pé oṣù 5 ni mo tó mú un lọ sọ́gbà àgùntàn.

Kí n má purọ́, láti ìgbà tó ti débẹ̀ ajáko ò gbé nǹkan kan mọ́. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú báyìí á bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, á máa rìn yí ọgbà ká, á máa tọ̀ sí ìdí òpó kọ̀ọ̀kan. Inú mi dùn gan-an. Àmọ́ láti bí oṣù kan sẹ́yìn (ó ti pé oṣù 10 báyìí) ó bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn ọmọ àgùntàn kiri, á fa irun wọn, á máa gé wọn létí jẹ. Mo pè é ní eré. Àárọ̀ àná mo dé ọgbà, mo bá ọmọ ọlọ́sẹ̀ 3 kan nílẹ̀, ó ti kú, itọ́ ajá ti rin gbogbo ara ẹ̀ gbindin, etí ẹ̀ kan ti já. Kò jẹ ẹ́ o. Ó jókòó tì í ni, ó ń fi ọwọ́ tì í bíi pé kó dìde.

Ẹnì kan ní kí n nà án dáadáa kí n wá so òkú ọmọ yẹn mọ́ ọn lọ́rùn títí á fi jẹrà. Ẹlòmíì ní kí n tà á kí n ra kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ìyàwó mi ní kí n ra ajá kejì kó lè rí ẹni bá ṣeré. Mi ò tíì ṣe ìkankan, mo kàn so ó mọ́lẹ̀, ó sì ń sunkún ṣáá. Ṣé ajá yìí ti bàjẹ́ ni, àbí èmi ni mo bà á jẹ́?

Ọmọ_Darandaran

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú àdánù. Ọ̀rọ̀ mi ò gùn. Ajá tó bá ti pa ẹran ilé lẹ́ẹ̀kan, kò ṣeé fọkàn tán mọ́. Bàbá mi kì í jẹ́ kí irú ẹ̀ sun ọjọ́ kejì níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀, ọ̀kan á di mẹ́ta, ẹ ò sì ní mọ èwo ni ajáko pa, èwo ni tiẹ̀. Ẹ tà á fún ẹni tó fẹ́ fi ṣọ́ ilé kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ẹ má bínú tọ́rọ̀ mi bá le.

Ìyá_Àwọn_Ajá

Alágbo, ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á fi èyí tó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dí i. Ọmọ_Darandaran, mo gbọ́ yín, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn rárá, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀.

Ọdún 14 rèé tí mo ti ń sin ajá sáàárín àgùntàn, Maremma, irú ajá olùṣọ́ ẹran ti Ítálì, ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo wá fi irú míì tí wọ́n ń pè ní Great Pyrenees kún un. Mọ́kànlá ló ti gba ọwọ́ mi kọjá. Mẹ́rin nínú wọn ló pa ọmọ àgùntàn tàbí tó ṣe é léṣe ní bíi ọjọ́ orí tí tiyín wà yìí. Nínú mẹ́rin yẹn, mẹ́ta ló wá di ajá tí mo lè fi abo tó ń rọbí sílẹ̀ fún kí n lọ sùn. Ẹ̀kẹrin ni mi ò rí ṣe, mo fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń sin màlúù.

Ẹ wo ohun tẹ́ ẹ sọ fúnra yín. Etí, irun, itọ́, ó jókòó tì í, ó ń tì í pé kó dìde. Ajá tí ebi ẹran ń pa kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀fun ló ń lọ tàbí abẹ́ ikùn, á sì jẹ ẹ́. Tiyín ń ṣeré ni, ẹni tó ń bá ṣeré ni ò lágbára ẹ̀. Oṣù 10 ara ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti àgbà ajá, inú orí ló kù tó ṣì jẹ́ ti ọmọdé, bó ṣe máa ń rí nìyẹn láti bí oṣù 8 títí dé ọdún kan ààbọ̀, àwọn míì á tó ọdún 2 kí wọ́n tó farabalẹ̀. Àìmọye ajá dáadáa làwọn èèyàn ti lé dànù láàárín oṣù yẹn, tó jẹ́ pé ká ní wọ́n dúró díẹ̀ sí i ni.

Ẹ wá bi mí pé ṣé ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́. Apá kan níbẹ̀ jẹ́ tiyín lóòótọ́, mi ò ní tàn yín. Kò sí ẹni tó ń kọ́ ajá yìí ní iṣẹ́ bíi ti ajá tó ń da ẹran, kò sí jókòó, kò sí dìde. Àárín ọ̀sẹ̀ 3 sí ọ̀sẹ̀ 16 ni ọmọ ajá ń mọ ẹni tó jẹ́ ẹbí ẹ̀, ẹni tó bá sùn tì, tó gbọ́ òórùn ẹ̀, tó jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ nígbà yẹn ló máa kà sí tiẹ̀ títí ayé. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Charles Darwin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì nì, dé Uruguay ní Gúúsù Amẹ́ríkà lọ́dún 1833, ó ròyìn bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀: wọ́n á gba ọmọ ajá lọ́wọ́ ìyá ẹ̀ nígbà tó ṣì kéré gan-an, wọ́n á di abo àgùntàn mú kó fún un lọ́mú ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, irun àgùntàn ni wọ́n á fi tẹ́ ibùsùn fún un nínú ọgbà, wọn ò sì ní jẹ́ kó bá ajá míì tàbí àwọn ọmọ inú ilé ṣeré. Ṣé ẹ rí i? Àwọn ọmọ inú ilé gan-an ni tiyín lo àsìkò yẹn lọ́dọ̀ wọn, ọmọdé ló sì kọ́ ọ ní eré, ó wá ń bá ọmọ àgùntàn ṣe irú eré kan náà.

Àmọ́ ó ṣì kù. Ajá tó ń yí ọgbà ká lóru, tó ń gbó, tó ń tọ̀ sí òpó, ti mọ̀ pé ibẹ̀ jẹ́ tòun. Raymond Coppinger àti ìyàwó ẹ̀ Lorna, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí àwọn ajá yìí ní Hampshire College, Massachusetts, láàárín àwọn ọdún 1970 sí 1980, tí wọ́n fi ajá tó lé ní 1,000 sí ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà, sọ pé nǹkan mẹ́ta la fi ń dá ajá rere mọ̀: kó má fi ẹran sílẹ̀, kó má ṣe ẹran léṣe, kó sì lè lé ẹranko búburú. Tiyín ti ní ti àkọ́kọ́ àti ti ẹ̀kẹta. Ti àárín yẹn lẹ máa fi sùúrù wá.

Bí mo ṣe máa ṣe é rèé. Ẹ tú u kúrò lórí okùn lónìí. Ẹ kó àwọn ìyá àgùntàn arúgbó 5 tàbí 6 sọ́tọ̀, àwọn tí kì í gba ìgbàkugbà, tẹ́ ẹ bá ní àgbò kan tó máa ń kan èèyàn ẹ fi í kún wọn, kẹ́ ẹ fi ajá sáàárín wọn. Tó bá fa irun ẹnikẹ́ni níbẹ̀ wọ́n á kàn án, ajá kì í gbàgbé ẹ̀kọ́ tí àgùntàn bá fi orí kọ́ ọ. Kí fẹ́ńsì wáyà ya ọgbà náà sọ́tọ̀ kúrò lára ti àwọn ọmọ àgùntàn, kó máa rí wọn, kó máa gbóòórùn wọn, kó má lè lé wọn. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ẹ mú un wọ ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ yẹn pẹ̀lú okùn gígùn. Tó bá dùbúlẹ̀, tó gbójú kúrò, tó ń lá wọn lójú, ẹ rọra yìn ín. Tó bá ti wolẹ̀ níwájú bíi ẹni tó fẹ́ fò, tó tẹjú mọ́ ọ̀kan, ÌGBÀ YẸN gan-an ni kẹ́ ẹ fi ohùn líle sọ pé rárá, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti lé e tán o, torí ìṣẹ́jú 5 lẹ́yìn ẹ̀ kò mọ ohun tẹ́ ẹ ń bá a wí sí mọ́. Ẹ tún lè so igi mọ́ kọ́là ẹ̀, kó gùn tó èyí tó máa rọ̀ sílẹ̀ bá a lórúnkún iwájú. Tó bá ń rìn kò ní dí i lọ́wọ́, tó bá sáré á máa gbá a lẹ́sẹ̀. Àwọn darandaran ní Ìlà Oòrùn Yúróòpù ń lo igi yẹn.

Ti òkú tí wọ́n ní kẹ́ ẹ so mọ́ ọn lọ́rùn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbọ́. Kò ní mọ̀ ju pé nǹkan tó ń rùn wà lọ́rùn òun. Ẹ má sì nà án. Ajá tó bá ń bẹ̀rù yín, lọ́jọ́ tó bá ṣèṣe lóru ẹ ò ní rí i mú.

Dókítà_Ẹran

Gbogbo ohun tí Ìyá sọ ni mo gbà, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un láti apá tèmi.

Níbo lẹ fi òkú ọmọ yẹn sí? Tí kò bá tíì jẹrà, ẹ bó awọ ọrùn, itan àti ẹ̀yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ wo abẹ́ ẹ̀. Tí ẹ̀jẹ̀ bá dì síbẹ̀, tó dúdú tàbí tó pọ́n, á jẹ́ pé ààyè ló wà nígbà tí eyín wọ̀ ọ́. Tí ojú eyín bá wà àmọ́ tí abẹ́ awọ funfun, tí ẹ̀jẹ̀ kankan ò tú síbẹ̀, ó ti kú kí ajá tó fọwọ́ kàn án, á jẹ́ pé àìsàn tàbí òtútù ló pa á, ajá kàn ń lá a ni. Mo ti rí ajá tí wọ́n fẹ́ yìnbọn fún tó jẹ́ pé òun ló ń gbìyànjú láti jí òkú. Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tiyín o, etí tó já yẹn ń kọ mí lóminú, àmọ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ má jẹ́ kó jẹ òkú àgùntàn ní tútù láéláé. Aràn kan wà tó ń gbé inú ìfun ajá, ẹyin ẹ̀ á bá ìgbẹ́ jáde sórí koríko, àgùntàn á jẹ koríko yẹn, á di àpò omi sínú ẹran ara ẹ̀, tàbí sínú ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró. Ajá míì á tún jẹ ẹran yẹn ní tútù, ló bá tún bẹ̀rẹ̀. Irú ẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Echinococcus ń wọ ara èèyàn, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ ló sì máa ń dà. Òògùn tó ní praziquantel nínú ló ń ṣí i kúrò lára ajá, kí dókítà tó sún mọ́ yín sọ iye ìgbà. Ẹ rí i pé ó ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, torí ẹranko igbó lajá yìí ń bá fìjà, àti ti distemper òun parvo, àwọn àìsàn tó ń pa ajá.

Oúnjẹ ẹ̀ ńkọ́? Ibo lẹ ń gbé e sí? Mo bèèrè torí ajá tó máa ń fún ọmọ àgùntàn ní àyè lójoojúmọ́ lè bù ú jẹ tó bá tẹnu bọ abọ́ ẹ̀. Àgùntàn sì fẹ́ràn oúnjẹ ajá. Ẹ ya igun kan sọ́tọ̀ tí ajá lè bẹ́ gòkè tàbí gba abẹ́ ẹ̀ wọlé, tí àgùntàn ò lè dé.

Ó tún jẹ́ abo, kò ní pẹ́ tí á bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, akọ ajá ibi gbogbo á sì wá dó sí ìdí fẹ́ńsì yín, ajá kiri sì ń pa àgùntàn bí ajáko ṣe ń pa á. Ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa àtiyọ ilé ọmọ ẹ̀.

Alágbo_Kékeré

Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an. Dókítà, mo lọ hú u. Ẹ̀jẹ̀ dì sí abẹ́ awọ ọrùn àti èjìká ẹ̀. Òun ló pa á. Mo jókòó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí n tó lè dìde.

Mo sì gbà pé òótọ́ ni ti àwọn ọmọ, wọ́n máa ń ju aṣọ fún un kó fà á, kí wọ́n jọ máa fà á kiri àgbàlá. Irun àgùntàn tó ń fà yẹn, aṣọ yẹn ló rí sójú ẹ̀. Àárín ẹran gan-an ni mo ń gbé abọ́ ẹ̀ sí, mo máa yí ìyẹn padà lónìí.

Ti ajá kejì àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló kù. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀.

Olùṣọ́_Orí_Òkè

Ajá márùn-ún ni mo ní lórí pápá tí kò ní fẹ́ńsì, ìkookò ló ń yọ mí lẹ́nu ní tèmi, torí náà ẹ fi ojú yẹn wo ohun tí mo máa sọ.

Ajá kejì ṣe pàtàkì, ọ̀kan á dúró ti ẹran, ọ̀kan á jáde lọ pàdé ohun tó ń bọ̀, ajá kan ṣoṣo tó bá kojú agbo ìkookò, wọ́n lè fi ọ̀kan tàn án jáde kí àwọn yòókù wọlé. Àmọ́ ẹ má rà á báyìí. Ọmọ ajá méjì tó jọ dàgbà ara wọn ni wọ́n máa fẹ́ràn ju àgùntàn lọ, àwọn méjèèjì á sì jọ máa lé ọmọ ẹran. Ẹ jẹ́ kí eléyìí pé ọdún 2, kó gbọ́n, kó wá kọ́ kékeré. Kò sí olùkọ́ tó dà bí àgbà ajá.

Ẹni tó bá sọ pé Anatolian nìkan ló lè ṣe é, tàbí Kangal tó tún jẹ́ ajá Tọ́kì, tàbí Maremma, ẹ má gbà á gbọ́ pátápátá. Lóòótọ́ àjọ Cheetah Conservation Fund ní Nàmíbíà ti ń fún àwọn àgbẹ̀ ní ajá Anatolian àti Kangal láti 1994 kí wọ́n má baà máa yìnbọn pa cheetah, ẹranko igbó tó jọ ẹkùn yẹn, ó sì ṣiṣẹ́. Àmọ́ ní Botswana lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ajá ilé lásán, ajá Tswana, ni wọ́n ń sin sáàárín ewúrẹ́, ó ń ṣọ́ ọ dáadáa, oúnjẹ ẹ̀ ò sì pọ̀. Àwọn Navajo, ẹ̀yà onílẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà náà, ajá àdàlù ni tiwọn. Ẹ̀jẹ̀ ṣe pàtàkì o, mi ò ní ra ọmọ ajá tí ìyá ẹ̀ ń lé ẹran, àmọ́ ibi tí wọ́n ti tọ́ ọ ló ṣe pàtàkì jù. Kódà kì í ṣe àgùntàn nìkan ló lè ṣọ́. Ní Middle Island, Ọsirélíà, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti pa àwọn ẹyẹ penguin erékùṣù náà débi pé wọn ò tó 10 mọ́, wọ́n kó Maremma lọ síbẹ̀ ní 2006, àwọn ẹyẹ yẹn sì tún pọ̀ padà.

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ dáa sí ajáko àti ajá kiri, ó kórìíra wọn látinú wá, á fi ẹsẹ̀ gbá wọn, á fi eyín bù wọ́n. Ìkookò tàbí ẹkùn ni ò lè ká. Abo kan tàbí akọ tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá ni kẹ́ ẹ rà, akọ tí wọn ò tẹ̀ lè ṣe àgùntàn léṣe, kó má sì sí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ míì nítòsí, torí ẹgbẹ́ ẹ̀ ló máa bá lọ. Ẹ tún wo fíìdì yín, monensin tí wọ́n ń pò mọ́ fíìdì ẹran míì máa ń pa á. Ìṣòro tiyín ni pé ajá lòun náà máa rí nígbà tó bá rí abo yín yẹn. Ẹ yan ọ̀kan.

Ohun kan tó pa ajá mi tó dáa jù lọ nìyí, mo sì ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá bèèrè: májèlé tẹ́nìkan fi sínú ẹran fún ajáko. Ẹ lọ bá gbogbo ẹni tí ilẹ̀ wọn bá ti yín pààlà, kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé ajá yìí wà, kẹ́ ẹ fi bó ṣe rí hàn wọ́n. Tí ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ bá gba ibẹ̀ kọjá, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí èèyàn má sáré, kó má sì wọ àárín ẹran.

Ọmọ_Darandaran

Mo ti ka gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo wá ń rò ó pé ajá tí bàbá mi máa ń rà, àgbà ajá ni wọ́n, ilé èèyàn ni wọ́n ti ń mú wọn wá, ọjọ́ tí wọ́n bá dé ni wọ́n á ti fi wọ́n sáàárín ẹran. Kò sí èyí tó dàgbà níbẹ̀ rí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdí nìyẹn tí kò fi sí èyí tó pẹ́ níbẹ̀. Alágbo, ẹ jẹ́ ká gbọ́ bó bá ṣe lọ.

Alágbo_Kékeré (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 7)

Mo ní kí n jábọ̀. Ọjọ́ kejì tí mo fi í sọ́dọ̀ àwọn arúgbó ló fa ọ̀kan nírun, àgbò gbé e lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó lọ dùbúlẹ̀ sí igun, kò tún dán an wò títí dòní. Ọ̀sẹ̀ 3 ni mo fi ń mú un wọ ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ pẹ̀lú okùn. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jáwọ́. Láti ọ̀sẹ̀ kẹrin ó ń lo ọ̀sán lọ́dọ̀ wọn pẹ̀lú igi lọ́rùn, lálẹ́ mo ń dá a padà sọ́dọ̀ àwọn arúgbó.

Lánàá ó gbó láti bí agogo 2 òru títí ilẹ̀ fi ń mọ́, apá ibi tí fẹ́ńsì ti rẹlẹ̀ ló dúró sí. Mo lọ wo ibẹ̀ láàárọ̀, ẹsẹ̀ ajáko wá débi wáyà, ó yí padà. Nígbà tí mo máa fi padà débẹ̀ lọ́sàn-án ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sùn gbalaja, ọmọ àgùntàn méjì gun ẹ̀yìn ẹ̀, ọ̀kan ń jẹ okùn igi ọrùn ẹ̀. Ó lajú, ó wò wọ́n, ó tún dì í.

Ìgbà wo ni kí n bọ́ igi yẹn?

Ìyá_Àwọn_Ajá

Inú mi dùn débi pé mo pe ọmọ mi kó wá kà á. Ẹ jẹ́ kó pé oṣù kan gbáko láìsáré tẹ̀lé ẹyọ kan nínú wọn, kẹ́ ẹ tó bọ́ ọ, ọ̀sán ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bọ́ ọ nígbà tẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀. Tí àwọn abo bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ ẹ dúró tì í ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, á fẹ́ jẹ ibi ọmọ, ẹ jẹ́ kó jẹ ẹ́, ìyẹn ò burú, ẹ kàn má jẹ́ kó gba ọmọ tuntun mọ́ ìyá ẹ̀ lọ́wọ́ pé òun ló ni ín.